Irin Ìdábùú àti Ìjókòó Ìyá Ìyàwó

Ní ẹsẹ̀ òkè Irohazaka ní Nikkō, níbi tí kọ́ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti ń jẹ́ lẹ́tà kan nínú álífábẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ibẹ̀, I, Ro, Ha, Ni, títí lọ, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú kan, mọ́tò asáré kékeré pupa kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Usui Teppei, tó ni mọ́tò, mú sípánà lọ́wọ́, ó ki ìwé àkọsílẹ̀ mọ́ abíyá; Màmá Akutsu Mitsue, ìyá ìyàwó rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe afinimọ̀nà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè yìí, ti orí bọ inú mọ́tò, ó ń wo irin gbọọrọ kan tí wọ́n dè láti ògiri dé ògiri lókè àga ẹ̀yìn.

MITSUE: Teppei, kí ni irin yìí ń ṣe níbi tí mò ń jókòó sí?

TEPPEI: Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Irin ìdábùú ni.

MITSUE: Mo rí i pé ó dábùú. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni mo bèèrè.

TEPPEI: Ẹ jẹ́ kí n fi àkàwé ṣe é. Ká ní ẹ gbé páálí bàtà kan tí kò ní ìdérí, ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ báyìí. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?

MITSUE: Á wọ́. Kí ló sì máa mú mi lọ́ páálí bàtà?

TEPPEI: Àkàwé ni, Màmá.

MITSUE: Bàtà wà nínú ẹ̀?

TEPPEI: Kò sí bàtà.

MITSUE: Ta ló kó o?

TEPPEI: Kò sẹ́ni tó kó bàtà! Páálí yẹn ni mọ́tò. Tí mọ́tò bá wọ kọ́ọ̀nà, ara ẹ̀ á lọ́ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi páálí. Táyà ò ní lè tẹlẹ̀ dáadáa mọ́, sítíárìn ò ní gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi igi kan dábùú inú páálí, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ lọ́ ọ. Irin yìí ni igi yẹn. Tinrín báyìí ni mọ́tò á máa wọ kọ́ọ̀nà.

MITSUE: Ó dáa. Igi ti gba inú páálí. Níbo wá ni wọ́n máa kó bàtà sí?

(Teppei wo irin, ó wo àga tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.)

MITSUE: Èmi ni bàtà yẹn, àbí?

TEPPEI: Màmá, mi ò pè yín ní bàtà.

MITSUE: O ò pè mí. Ìwọ kàn gbé igi síbi tí mo wà ni.

TEPPEI: Òfin ló fà á. Tí irin bá ti dábùú àga ẹ̀yìn, ọ́fíìsì àyẹ̀wò ọkọ̀ ní Utsunomiya á yí ìwé mọ́tò padà, wọ́n á kọ ọ́ pé ènìyàn méjì péré ló ń gbà. Aago kan ọ̀sán òní ni wọ́n dá fún mi.

MITSUE: Ènìyàn méjì. Ìwọ nìkínní.

TEPPEI: Bẹ́ẹ̀ ni.

MITSUE: Natsuko ọmọ mi nìkejì.

TEPPEI: Ẹ mọ̀ pé Yumoto lókè ni ilé ìtura tó ti ń ṣiṣẹ́ wà, Màmá. Mo gbọ́dọ̀ gbé e lọ.

MITSUE: Èmi wá ńkọ́, ní Ọjọ́bọ̀? Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí mo ti ń bá yín gòkè ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí n lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wẹ omi gbígbóná. Àwa mẹ́fà péré la ṣẹ́ kù nínú àwọn afinimọ̀nà ìgbà tiwa. O mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́nì kan ò bá wá?

TEPPEI: Wọ́n máa ń ṣàárò ẹni náà.

MITSUE: Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ! Láti aago mẹ́wàá di aago méjì. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ Fusae la sọ, ibà ló sì dá a dúró sílé. Nígbà tá a máa fi jáde nínú omi, kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù lára Fusae mọ́.

TEPPEI: Màmá, bọ́ọ̀sì ṣáà wà.

(Ọ̀bọ kan tó jókòó sórí ògiri ẹ̀gbẹ́ títì kọ ẹ̀yìn sí wọn.)

MITSUE: Tún un sọ.

TEPPEI: Mi ò sọ nǹkan kan.

MITSUE: O ní bọ́ọ̀sì wà. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ohùn ẹ̀rọ rọ́pò mi? Mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn pe kọ́ọ̀nà Ha nígbà tá a ti dé Ni. Mo ní, "Aǹtí, a ti kọjá ẹ̀." Kò dá mi lóhùn. Mo tún un sọ. Awakọ̀ ní kí n jọ̀ọ́, kí n jókòó.

TEPPEI: Ẹ sì jókòó?

MITSUE: Mo sọ̀ kalẹ̀. Ní kọ́ọ̀nà He. Nínú yìnyín.

TEPPEI: Ó dáa, Màmá. Ẹ ṣáà rántí ohun tí Natsuko sọ lánàá. Ó ní kí n fi mọ́tò gbé yín gun òkè yìí. Tí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ pé irin yìí mú kí mọ́tò máa gbọ́ràn sí i, irin dúró. Tẹ́ ẹ bá ní kò ṣe nǹkan kan, mo máa tú u kí n tó lọ sí Utsunomiya.

MITSUE: Èmi ni adájọ́, èmi náà sì ni wọ́n fẹ́ lé jáde.

TEPPEI: Ẹ ò lè parọ́ ní tiyín. Gbogbo Nikkō ló mọ̀.

MITSUE: Ìyẹn gan-an ló ń bà mí nínú jẹ́. Ṣílẹ̀kùn.

(Màmá jókòó síwájú, níbi tí Natsuko máa ń jókòó, ó gbé báàgì lé itan. Mọ́tò gbéra. Teppei di sítíárìn mú bí ẹni tó di olè mú.)

TEPPEI: Ètò mi nìyí. A óò gbé irin gòkè dé Akechidaira. Tá a bá débẹ̀, mo máa tú u, a óò sì sọ̀ kalẹ̀ láìsí i. Gbogbo nǹkan ni mo máa kọ sílẹ̀. Ìwádìí tó péye ni.

MITSUE: Kọ́ọ̀nà I ti ń bọ̀.

TEPPEI: Mo rí i. Ẹ wò ó! Ẹ gbọ́ yẹn?

MITSUE: Kí ni?

TEPPEI: Ìdákẹ́jẹ́!

MITSUE: Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ, nígbà tó jẹ́ ìwọ lò ń sọ̀rọ̀?

TEPPEI: Ẹ wo bó ṣe wọlé, Màmá! Bíi ọ̀bẹ nínú ẹ̀wà tútù! Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?

MITSUE: Ohun tí mo mọ̀ lára ni ilẹ̀kùn tó gún mi ní ìgbọ̀nwọ́.

TEPPEI: Ìyẹn ni à ń pè ní líle ara mọ́tò!

MITSUE: Ara tèmi ńkọ́?

(Kọ́ọ̀nà tẹ̀ lé kọ́ọ̀nà. Teppei ń tẹ bíréèkì lójijì, ó ń yí sítíárìn, ó tún ń yí i padà. Báàgì Màmá ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé Akechidaira, ibùdókọ̀ tó wà lókè.)

TEPPEI: Ó yá, Màmá. Nínú mẹ́wàá, mélòó lẹ máa fún un?

MITSUE: Mẹ́fà.

TEPPEI: Mẹ́fà péré? Kí ló sọ mẹ́rin nù?

MITSUE: Mo yọ mẹ́rin fún awakọ̀.

TEPPEI: Awakọ̀ ò sí nínú ìwádìí yìí!

MITSUE: Èmi náà kíyè sí i.

(Teppei tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fa irin jáde, ó kì í sínú bùútù. Bùútù ò dé. Ó yí irin padà. Bùútù ṣì kọ̀. Ó fi okùn dè é. Wọ́n gba ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀, Màmá ṣì wà níwájú. Ní kọ́ọ̀nà àkọ́kọ́, táyà pariwo. Ní ìkejì, mọ́tò jù síbí jù sọ́hùn-ún.)

TEPPEI: Ẹ rí i! Ẹ rí i! Irin ò sí ńbẹ̀ mọ́, ẹ wo bó ṣe ń jó! Ẹ wo ìdí ẹ̀! Ó ń fì bíi ìdí pẹ́pẹ́yẹ! Ẹ gbà báyìí?

MITSUE: Teppei, lẹ́tà wo ló wà lára pátákó tó wà níwájú yẹn?

TEPPEI: Ra. Ẹ ò gbọ́ bí táyà ṣe ń ké ni?

MITSUE: Nígbà tá à ń gòkè, ṣé o rí Ra?

TEPPEI: Mi ò wo pátákó, Màmá, mọ́tò ni mò ń wò.

MITSUE: O ò lè rí i, torí kò sí níbẹ̀. Ne la rí kẹ́yìn lókè. Kọ́ọ̀nà ogún ló ń gòkè, méjìdínlọ́gbọ̀n ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà méjì ni. Èyí tí wọ́n ń gbà lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á bọ̀. Kí n tó gba iṣẹ́ ló ti rí bẹ́ẹ̀.

(Teppei dín eré kù.)

TEPPEI: Ọ̀nà méjì?

MITSUE: Ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń gùn ún!

TEPPEI: Mo rò pé ọ̀kan náà ni, ó kàn ń lọ́ ni.

MITSUE: Ọmọ Chiba! Ilẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní. Nǹkan tó ní kọ́ọ̀nà níbẹ̀ ò ju edé lọ. Teppei, o gbé irin gòkè ní ọ̀nà kan, o wá já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà mìíràn láìsí irin, o wá ní irin ló fa ìyàtọ̀. Bí ìgbà tó o bu tíì gbígbóná fún mi, o bu omi tútù fún Natsuko, o wá ń kọ ìwé nípa ife.

TEPPEI: (ó rọra) Mo ti fi gègé pupa kọ ọ́ sílẹ̀.

MITSUE: Pa á rẹ́.

TEPPEI: Gègé pupa kì í ṣeé pa rẹ́, Màmá.

MITSUE: Ya ewé yẹn.

(Wọ́n dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Aago mẹ́wàá ààbọ̀. Teppei dá mọ́tò dúró níbi tí wọ́n ti gbéra láàárọ̀. Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó ti àga iwájú síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wọ ẹ̀yìn mọ́tò.)

TEPPEI: Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ?

MITSUE: Ìjókòó mi.

TEPPEI: Ẹ ò lè jókòó síbẹ̀! Iwájú lẹ wà nígbà àkọ́kọ́. Nínú ìwádìí, nǹkan kan ṣoṣo lèèyàn ń yí padà. Tí mo bá yọ irin, tẹ́ ẹ tún kúrò níwájú, báwo la ṣe máa mọ èyí tó ṣiṣẹ́?

MITSUE: Gbọ́, ọkọ ọmọ mi. Tí irin bá wà, ta ló wà ní ẹ̀yìn?

TEPPEI: Irin.

MITSUE: Tí irin ò bá sí, ta ló máa ń wà ní ẹ̀yìn?

TEPPEI: Ẹ̀yin.

MITSUE: Ẹjọ́ tá à ń dá kì í ṣe irin àti àìsí irin. Èmi àti irin ni. Ó ti gun òkè tiẹ̀. Ó kan èmi.

(Teppei pa ìwé rẹ̀ dé. Ó wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, Màmá de bẹ́líìtì, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ògiri ọ̀tún, ó fi ẹsẹ̀ òsì ti ògiri òsì, ó gbé ọwọ́ sẹ́nu bí ẹni tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mọ́tò gbéra. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ga, ó dùn, kì í ṣe ohùn ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.)

MITSUE: Ẹ̀yin èrò wa ọ̀wọ́n, ẹ káàbọ̀! Kọ́ọ̀nà I ló wà níwájú wa yìí, apá ọ̀tún la óò yà sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo igi pupa tó wà lókè yẹn. Awakọ̀ wa, tó jẹ́ ọmọlúàbí, yóò dín eré kù báyìí.

TEPPEI: Ṣé èmi ni?

MITSUE: Báyìí ni mo wí!

(Teppei dín eré kù.)

MITSUE: Ẹ ṣeun. Awakọ̀ wa ò ní wo imú mọ́tò. Ibi tó ń lọ ló máa wò. Ó ti ń yí sítíárìn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò ní padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ara ẹ̀. Ó dára gan-an. Ní ọwọ́ òsì, odò; kì í ṣe awakọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nípa odò. Kọ́ọ̀nà Ro, apá òsì!

TEPPEI: Màmá, mo ti ń wa mọ́tò láti...

MITSUE: A ń rọ awakọ̀ kó má bá èrò sọ̀rọ̀.

(Ha, Ni, Ho, He. Teppei ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń dín eré kù kó tó wọlé, ó ń tẹ iná bó ṣe ń jáde. Táyà ò ké. Báàgì Màmá dúró lórí àga bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Wọ́n dé Akechidaira. Teppei pa ẹ́ńjìnì, kò bọ́ sílẹ̀.)

MITSUE: Nínú mẹ́wàá?

TEPPEI: Ẹ jẹ́ kí n ronú ná.

MITSUE: O ò ronú nígbà àkọ́kọ́.

TEPPEI: ...Mẹ́sàn-án.

MITSUE: Kí ló sọ ọ̀kan nù?

TEPPEI: Ẹ fi ẹsẹ̀ gbá mi ní ẹ̀yìn ọrùn ní kọ́ọ̀nà Yo.

MITSUE: O fẹ́ sún mọ́ ògiri jù.

TEPPEI: Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tó fà á, Màmá! Ìwúwo ni! Ẹ̀yìn mọ́tò yìí fúyẹ́ jù. Ẹ wá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kílò méjìdínlọ́gọ́ta...

MITSUE: Mélòó?

TEPPEI: ...pẹ̀lú ìwúwo díẹ̀ báyìí. Tí mo bá gbé àpò ìrẹsì méjì síbẹ̀, bákan náà ló máa rí!

MITSUE: Gbé e. Tó o bá dé ibi tí ọ̀nà ti pín, bi ìrẹsì léèrè kọ́ọ̀nà tó kàn.

TEPPEI: Ó sì tún lè jẹ́ ẹsẹ̀ yín! Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri méjèèjì. Ẹ dábùú! Màmá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ di irin!

MITSUE: Teppei.

TEPPEI: Ẹ ṣì lè gbé e sókè díẹ̀ sí i? Tẹ́ ẹ bá gbé orúnkún...

MITSUE: Teppei! Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, kì í ṣe bí adájọ́. Ṣé ó ti sú ọ láti máa gbé mi ni?

(Teppei yíjú sẹ́yìn kíákíá.)

TEPPEI: Màmá! Rárá o! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

MITSUE: Irin ló sọ ọ́. Orí ìjókòó mi ló dúró sí.

TEPPEI: Kì í ṣe torí yín. Torí àwọn ọ̀rẹ́ mi ni. Ní gbogbo àárọ̀ Àìkú a máa ń fi mọ́tò gòkè wá síbí. Èmi ni mo máa ń dé kẹ́yìn. Wọ́n á ti mu kọfí tán, wọ́n á ti ju ife nù. Gbogbo wọn ló ní irin nínú mọ́tò. Mo ní bóyá irin ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò kan tó ń gbé ewébẹ̀ kọjá lára mi. Màmá, bàbá tó ń wà á ń fi ọwọ́ kan jẹ oníígírì, ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ dì.

(Màmá sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ lára ògiri.)

MITSUE: Mi ò lè parọ́, nítorí náà màá sọ ọ́. Irin yẹn ṣe nǹkan kan.

TEPPEI: Ó ṣe é?

MITSUE: Ilẹ̀kùn ọ̀tún yìí, ní kọ́ọ̀nà Wa, ó máa ń ké kẹ́ẹ́rẹ́-kẹ́ẹ́rẹ́ láti ọjọ́ tó o ti rà á. Nígbà tí irin wà níbẹ̀, kò ké. Nígbà tó o yọ ọ́, ó ké. Ara mọ́tò le sí i lóòótọ́. Mo gbọ́ ọ.

TEPPEI: Ó ń ṣiṣẹ́! Màmá, ó ń ṣiṣẹ́! Mo sọ fún yín!

(Ó ti na ọwọ́ mú sípánà. Ó dúró. Ó wo Màmá nínú dígí, ó wo irin tí imú rẹ̀ yọ síta ní bùútù.)

TEPPEI: Tó bá ń ṣiṣẹ́, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yin ló pàdánù.

MITSUE: Ohun tí Natsuko bèèrè ni pé ṣé mọ́tò á máa gbọ́ràn sí i. Ilẹ̀kùn gbọ́ràn. Mo ti sọ tèmi. Ìwọ lo wà nídìí sítíárìn, ìwọ mọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀mejì tá a gùn yìí èyí tí mọ́tò gbọ́ràn sí.

(Teppei ṣí ìwé rẹ̀. Ó wo mẹ́fà, ó wo mẹ́sàn-án. Ó rántí ẹsẹ̀ tí Màmá fi gbá a lọ́rùn, ó rò ó wò bóyá kó sọ mẹ́sàn-án di mẹ́wàá. Kò sọ ọ́ di mẹ́wàá. Ó ju sípánà sábẹ́ àga.)

TEPPEI: Màmá, àárọ̀ Àìkú, aago márùn-ún, kí lẹ̀ ń ṣe?

MITSUE: Mò ń sùn.

TEPPEI: Ẹ jọ̀ọ́.

MITSUE: Irin rẹ kì í jẹun àárọ̀. Èmi ń jẹun.

TEPPEI: Oníígírì méjì.

MITSUE: Mẹ́ta. Kí ọ̀kan ní ẹja nínú. Tíì gbígbóná sì ni mo fẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo.

TEPPEI: Mo gbà. Ṣùgbọ́n tá a bá dé àárín àwọn ọ̀rẹ́ mi, ẹ má pe ara yín ní ìyá ìyàwó mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ pé ẹ jẹ́ ohun èlò.

MITSUE: Sọ ọ́ wò, kó o sì rí bí ohun èlò ṣe máa gbá ọ lọ́rùn.

(Teppei tan ẹ́ńjìnì. Aago mọ́kànlá àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wo aago, ó sì fi ọwọ́ lu orí.)

TEPPEI: Ó tún ku nǹkan kan! Mo ti kọ ìwé sí ọ́fíìsì àyẹ̀wò ní Utsunomiya pé mo ti yí nǹkan padà nínú mọ́tò yìí kó lè máa di kọ́ọ̀nà mú. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á rí àga mẹ́rin bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á bi mí pé kí ni mo yí padà. Kí ni kí n sọ fún wọn, Màmá?

(Màmá de bẹ́líìtì rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ògiri ọ̀tún, ó fi ẹsẹ̀ òsì ti ògiri òsì.)

MITSUE: Sọ fún wọn pé o yọ irin, o fi ẹnu sí i. Kọ́ọ̀nà Na, apá òsì!